Ṣéńjà DVD ń ṣe segesège: kí ẹ tún un ṣe, àbí kí ẹ ra dráìfù USB?

Ìró rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Ṣéńjà yìí, àpótí tó ń gba àwo 200 lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ń pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀, ti wà lórí tábìlì mi ní Mọ́kọ́lá fún ọdún púpọ̀. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà àwo tí mo fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, á yí wìn-ìn-ìn, á dúró, á dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, àwo á wọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó yí, ó dúró, ó dún "kẹ́", ó tún dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́", ló bá dákẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi ni pé kí n fi àwo sí i. Màmá kan sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń dúró de fídíò ìsìnkú ọkọ wọn tí mo yà lọ́dún 2009.

"Ọmọ mi, kò tíì jáde ni?"

"Ó ku díẹ̀, Mọ́mì. Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ̀rọ ẹ náà ti ń darúgbó bíi tèmi."

Fídíò òde ni mo ń yà: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú, ìwúyè. Kí fóònù tó gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, DVD la máa ń kó fún oníbàárà, a ó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, páálí àwo ń gorí ara wọn, títí mo fi rí ṣéńjà tòkunbọ̀ kan rà, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì sinmi wíwá àwo kiri. Èmi nìkan kọ́ ló ní irú ẹ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tọ́jú ìwàásù sínú rẹ̀, mo mọ àwọn tó kó fíìmù Yorùbá jọ bí ẹni ń kó ìwé jọ. Nígbà tí ṣéńjà bá yarí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa ń bèèrè: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká ra dráìfù DVD oní-USB pẹlẹbẹ tó kún ìgboro, èyí tó ń gba àwo kan ṣoṣo?

Èmi ò ní dáhùn ìbéèrè yẹn fún ẹnikẹ́ni kí n tó mọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú àpótí kan yẹn. Ọwọ́ wà níbẹ̀: agbọ̀n roboto tó kó àwo dúró lóòró, pẹ̀lú apá tó ń ti àwo wọlé tó sì ń fà á jáde. Ojú wà níbẹ̀: dráìfù DVD gan-an, èyí tó ń kàwé lára àwo. Ẹnu sì wà níbẹ̀: wáyà àti software tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ojú pọ̀ lọ́jà. Ẹnu ṣeé tún ṣe. Ọwọ́ ni ẹ ò ní rí rà mọ́, nítorí òun ni ẹ ṣe ra ṣéńjà dípò dráìfù lásán.

Ọwọ́ ni, ojú ni, àbí ẹnu?

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò, kí ẹ fi ṣéńjà sórí iná nìkan. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá yè á yí agbọ̀n rẹ̀ ká fúnra rẹ̀, á wá ibi tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ wà, á sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń yí tí kò mọ ibi tí yóò dúró sí, sẹ́ńsọ̀ ló ṣókùnkùn. Iná kékeré kan àti ojú kékeré kan tó kọjú sí ara wọn ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Eyín tó wà lára agbọ̀n ló ń kọjá láàárín wọn tí ẹ̀rọ fi ń ka nọ́ńbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń rí ní Ìbàdàn, ẹ ò ní bèèrè ohun tó dí i lójú. Igi olówùú tí a fi ń tọ etí, ní gbígbẹ láìkan omi, ti tó láti nù ún.

Bí kò bá tan iná rárá, ẹ má tíì tú u. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀pọ̀ ṣéńjà tó wà nílẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ló ti wá, 120 fóltì sì ni iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ ihò iná láìlo ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, yóò gbọ́ "pọ̀", yóò gbọ́ òórùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bó bá ṣe fíùsì nìkan ló jóná, ẹ ti rí ojúure. Bó bá ṣe kapásítọ̀ inú pọ́wà ló wú lórí bí ẹ̀wà tí a rẹ, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, nítorí iná máa ń wà nínú àwọn nǹkan yẹn kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà.

Bí àwo bá wọlé dáadáa, tí ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń yí, tó tún dúró, tó tún yí, tí kò sì mú nǹkan jáde, ojú nìyẹn. Níbí ni mo ti máa ń lo àwo mẹ́ta: CD orin tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀, DVD fíìmù tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀, àti DVD-R tí èmi fúnra mi sun nílé. Iná lésà tí dráìfù fi ń ka CD yàtọ̀ sí èyí tó fi ń ka DVD: ti CD jẹ́ 780 nanomita, ti DVD jẹ́ 650. Nítorí náà dráìfù lè máa ka CD bí ẹni mu ẹ̀kọ tútù kó má sì mọ DVD rárá. Ẹ má rò pé àwo yín ló bàjẹ́. DVD-R tí a sun nílé kì í dán bíi ti ilé-iṣẹ́, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà lára rẹ̀ kéré. Bí iná dráìfù bá ti ń rẹ̀, DVD-R ló máa kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe ségesège lọ́nà kan náà, ẹ nu lẹ́ńsì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ míì: isopropyl (ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ) díẹ̀ lórí òwú, ẹ fọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ. Ẹ má fi ojú wo inú lẹ́ńsì nígbà tí iná bá wà lára ẹ̀rọ. Ẹ má sì lo àwo oníbíróọ̀ṣì tí wọ́n fi ń nu lẹ́ńsì nínú ṣéńjà o. Apá ṣéńjà kò mọ̀ pé bíróọ̀ṣì wà lára àwo, ó lè há síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà sọ pé òun ò rí nǹkan kan, ẹnu ni. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn, nítorí òun ló máa ń jẹ ọjọ́ jù.

Ohun tí mo bá nínú tèmi

"Kẹ́-kẹ́-kẹ́" tèmi jẹ́ ti ọwọ́. Mo tú ìdérí òkè, súkúrú mẹ́jọ, mo kó wọn sínú ìdérí ike ní ìtòtẹ̀léra. Inú rẹ̀ rí bí egungun ẹ̀gbẹ́ ẹja ńlá tó tò yípo, àwo dúró láàárín egungun kọ̀ọ̀kan. Níwájú apá tó ń ti àwo, mo rí ojú ènìyàn kan tó ń wò mí. Ọkọ ìyàwó ni, nínú fìlà. Fọ́tò tí mo tẹ̀ sórí bébà tí mo sì lẹ̀ mọ́ àwo nígbà tí mò ń ṣe àṣehàn fún oníbàárà, òun ló ti ṣí létí nítorí ooru, ó ká jọ, ó sì lẹ̀ mọ́ àwo tó wà ní ìyàrá kejì. Apá ń fa àwo kan, méjì ló ń tẹ̀ lé e. Páànù ló wà lórí ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́wọ́ ọ̀sán oṣù kẹta, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwo sínú ṣéńjà kò gbọdọ̀ lẹ bébà mọ́ ọn. Kó fi máákà kọ ọ́, ó parí. Bébà tí kò bá tilẹ̀ ṣí, bó bá ti tẹ̀ sí apá kan, àwo á máa mì nígbà tó bá ń sáré, dráìfù ò sì ní í lè tẹjú mọ́ ìlà kan.

Mo yọ ọkọ ìyàwó kúrò. Ó tún dún "kẹ́-kẹ́", ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ìdí rẹ̀ nìyẹn: bẹ́líìtì. Rọ́bà tín-ín-rín kan ló so mọ́tò kékeré mọ́ eyín tó ń gbé apá. Mo fi ìka fà á, kò fà mí padà. Ó gbọ̀jẹ̀gẹ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Bẹ́líìtì tó dáa kì í dán.

Mo gbé e lọ sí Queen Cinema, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti ẹ̀rọ káséètì ṣe.

"Bọ̀dá, irú èyí ò sí mọ́ o, àfi ká wọ̀n ọ́n."

"Wọ̀n ọ́n, mò ń wò ẹ́."

Kò fà á gùn rárá. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí rúlà, ó pa á pọ̀ sí méjì, ó wọn ìdajì, ó sọ ọ́ di méjì, ó sì yọ ìwọ̀n díẹ̀ kúrò nítorí pé rọ́bà tó ti gbó ti gùn ju bó ṣe wà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó tú inú ike kan síta, ó ń yọ bẹ́líìtì káséètì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí èyí tó bá a mu. Owó tí mo san kò tó owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ lọ́nà méjì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí bíi méjì. Mo tún gbọ́ pé kí n rẹ bẹ́líìtì náà sínú omi gbígbóná, ìyẹn náà ń mú kó gbá nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjọ́ méjì ni, kì í ṣe àtúnṣe. Bí ẹ bá yí bẹ́líìtì, ẹ nu eyín tó ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú isopropyl, ẹ kó gírísì àtijọ́ tó ti le bí ọ̀dà kúrò, kí ẹ fi gírísì sílíkọ́ọ̀nù tí kì í jẹ ike sí i níwọ̀n orí ìṣáná. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́.

Àtúnṣe àti dráìfù USB, tí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Dráìfù USB pẹlẹbẹ dára, n kò ní bú u. Kò fẹ́ driver (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), Windows, Mac àti Linux ló ń mọ̀ ọ́n, ẹ lè gbé e sínú báàgì lọ sí Ìbàdàn-Pólì kí ẹ sì gbé e padà. Ìyọnu rẹ̀ kan ṣoṣo ni iná. Ihò USB 2.0 ń fúnni ní 500 miliámpù, USB 3.0 ń fúnni ní 900, àwọn dráìfù kan sì ń fẹ́ tó 1 ámpù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bó bá ń dún tìkẹ̀-tìkẹ̀ tí kò yí, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà gan-an, ẹ má gba ara họ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú kọjá, tàbí kí ẹ lo wáyà tó ní orí USB méjì lápá kọ̀ǹpútà.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́. DVD kan tó kún jẹ́ 4.7 gígábáìtì. Ní ìyára 8x, tí í ṣe nǹkan bí 11 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yẹ kó parí ní ìṣẹ́jú méje. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwo tí a sun ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, tó ní ìhá díẹ̀ (ibi tí nǹkan ti ha á), á jẹ́ kí dráìfù máa fà sẹ́yìn kó tún un kà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń ṣírò tèmi. Àwo 200 lọ́nà ìṣẹ́jú 15, wákàtí 50 nìyẹn. Ṣéńjà tí ara rẹ̀ yá á ṣe é lọ́sàn-án lóru, bí iná bá wà, á parí láàárín ọjọ́ méjì àtààbọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Dráìfù USB á ṣe é ní wákàtí 50 náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde. Ẹni tó bá ń fi wákàtí márùn-ún ṣe é lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti fi àwo kan náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti gbàgbé méjì sórí fìríìjì.

Nítorí náà, ẹni tí àwo rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ, dráìfù USB ni kó rà, kó má dààmú ara rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ọwọ́ ṣéńjà rẹ̀ sì ṣì ń gbé nǹkan, kó tún un ṣe. Láàárín méjèèjì, ẹ wo irú ẹni tí ẹ jẹ́. Èmi ò ní sùúrù.

Ní ti ojú tó bàjẹ́, ẹ má tìtorí ìyẹn ju ṣéńjà nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, dráìfù kọ̀ǹpútà lásán ni wọ́n dè mọ́ inú, èyí tó ní wáyà pẹrẹsẹ olóríṣiríṣi okùn tí a mọ̀ sí IDE. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ wá èyí tó jọ ọ́ lára àwọn kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí wọ́n ń tú tà. Ẹ rí i pé nọ́ńbà náà bára mu pátápátá, nítorí bí imú rẹ̀ bá fi mìlímítà méjì yàtọ̀, apá kò ní í rí ẹnu rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra odindi ṣéńjà tòkunbọ̀ míì kí ẹ máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí i ní pọ́ọ́kú tí ẹni tó ń tà á gbà kí ẹ tàn án wò, ó dáa. Bí wọ́n bá ní "ó ń ṣiṣẹ́, iná ni ò sí," ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹnu: níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà

Ọ̀pọ̀ ṣéńjà ńlá tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà, FireWire (irú wáyà àti ihò kan tó ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà) ni wọ́n ń sọ. Sony ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní VGP-XL1B ní àsìkò Windows XP Media Center, ó ń gba àwo 200, FireWire ló ń lò. PowerFile C200 náà ń gba 200, FireWire kan náà ni. Nígbà yẹn, èdè gidi ni. FireWire 400 ń gbé 400 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì pọ̀ ju ohun tí DVD fẹ́ lọ dáadáa.

Ìṣòro ni pé àwọn kọ̀ǹpútà ti gbàgbé èdè náà. Láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní ihò rẹ̀. Ẹ ó rí wáyà kan lọ́jà tí orí kan rẹ̀ jẹ́ FireWire tí èkejì jẹ́ USB, tí ẹni tó ń tà á á sì búra pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rà á. Wáyà lásán kò lè túmọ̀ èdè méjèèjì fún ara wọn. Ó tún léwu: iná tó ń gba inú FireWire kọjá lè tó 30 fóltì, USB sì ń retí 5. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni káàdì FireWire tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ wá èyí tí wọ́n fi chip Texas Instruments ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń kì wáyà oníhò mẹ́fà bọ̀ ọ́, ẹ wo apá tó rí ṣóńṣó kí ẹ tó tì í. Tí a bá fipá tì í lódìlódì, ó ń wọlé, ó sì ń jó ihò náà. Oníhò mẹ́rin tó wà lára láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í gbé iná, ìyẹn kò sì ṣe ṣéńjà ní nǹkan nítorí ó ní iná tirẹ̀.

Lẹ́yìn wáyà, software. Níbí gan-an ni mo ti rí ẹni tó ju ṣéńjà tó yè nù. Windows XP àti Vista ní ohun tí wọ́n ń pè ní Removable Storage tó mọ bí a ṣe ń darí ṣéńjà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà tí Windows 7 dé. Media Center, tó ń tò àwòrán páálí fíìmù fún yín kí ẹ yan èyí tó wù yín, kò sí nínú Windows 10 mọ́. Láti Windows 8 ni àwọn ẹ̀rọ FireWire kan ti ń fẹ́ kí ẹ padà lọ wá driver àtijọ́ ti Microsoft, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní "1394" àti "Legacy" nínú. Ẹni tó ń lo Mac, kó má yára sọ tirẹ̀ di tuntun: macOS 26 tó jáde lọ́dún 2025 ti yọwọ́ FireWire kúrò nílẹ̀.

Tí a bá fi wọ́n wé ara wọn, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ṣì ní XP tàbí Vista, tí ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, ló rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ ìyọnu. Linux ló dára jù fún ẹni tó lè kọ ìlà àṣẹ díẹ̀. Ètò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ mtx; bí ṣéńjà bá ń sọ èdè SCSI (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀) gba inú FireWire, ẹ lè sọ fún un pé kó gbé àwo 17 sínú dráìfù, á gbé e; kó dá a padà, á dá a padà. Ẹ fi ètò míì tó ń jẹ́ ddrescue tì í lẹ́yìn kó máa ka àwo tó ní ìhá, ó máa ń fo ibi tó bàjẹ́, kó ibi tó dáa, kó tó padà wá bá ibi tó le jà. Òun ni mo lò. XP rọrùn, ṣùgbọ́n bó bá dé orí àwo tó bàjẹ́, ó máa ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de owó oṣù.

Ẹni tó bá jẹ́ fíìmù ló kó jọ, ohun kan wà kó mọ̀. Wọ́n pín ayé sí agbègbè (region) fún DVD fíìmù, dráìfù tí a tò sí agbègbè kan kì í sì í ka àwo agbègbè míì: Nàìjíríà wà ní agbègbè 5, Amẹ́ríkà wà ní agbègbè 1. Dráìfù inú kọ̀ǹpútà gbà kí ẹ yí agbègbè padà lẹ́ẹ̀márùn-ún péré, lẹ́yìn náà á tì pa síbi tó bá wà. Àwo tí a sun fúnra wa kò ní agbègbè.

Hádì díìsìkì

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bíi pé ọ̀nà kẹta ni: "Ṣé kí n má kúkú kó gbogbo rẹ̀ sórí hádì díìsìkì?" Ó yẹ kí ẹ kó o, yálà ẹ tún ṣéńjà ṣe tàbí ẹ ra USB. Ẹni tí yóò máa gbé àwo fún yín ni ẹ ń yàn.

Àwo 200 tó kún dẹ́nu jẹ́ 940 gígábáìtì, ó wọ inú 1 tẹ́rábáìtì ní ṣín-ńṣín. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá jẹ́ onípele méjì (dual-layer), tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 8.5, ẹ ra 2 tẹ́rábáìtì. Ẹ ra méjì, kí ẹ gbé ọ̀kan lọ sí ilé ẹlòmíì, nítorí hádì díìsìkì kan tó bá ṣubú kó gbogbo 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwo tó bá ṣubú kan ara rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́.

VCD ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tó jáde ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, apá kìíní àti apá kejì lórí àwo méjì, VCD ni wọ́n. Nínú fódà MPEGAV ni fíìmù náà wà, orúkọ rẹ̀ parí sí .DAT, ètò VLC sì ń ṣí i. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ohun tó ń tún àṣìṣe ṣe sí i tó ti CD kọ̀ǹpútà, wọ́n fi àyè yẹn kó fíìmù sí i. Ìhá kékeré tí CD kọ̀ǹpútà á fojú fò, á dá VCD dúró. Bí ẹ bá fẹ́ fà á láti fódà sí fódà tó sì kọ̀, ẹ fi ètò IsoBuster gbìyànjú kí ẹ tó sọ pé ó ti lọ. Ẹ sì rántí pé fíìmù olówó tí ẹ rà, ẹ lè wò ó, ẹ ò lè máa sun ún tà. Ìgbéyàwó tí ẹ yà fúnra yín yàtọ̀ síyẹn.

Lọ́rọ̀ iná: bí wọ́n bá mú iná nígbà tí apá gbé àwo dání, àwo á há sí àárín ọ̀nà, tí iná bá sì dé, ẹ̀rọ á máa yí bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Mo so tèmi mọ́ UPS. Bí àwo bá há, ẹ yọ iná, kí ẹ fi ọwọ́ yí eyín ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa àwo náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni tèmi fi parí, nítorí iná. Àwo mọ́kànlá kọ̀ jálẹ̀. Méje nínú wọn ní bébà lára. Ti Màmá kò sí nínú wọn. Mo da ìsìnkú náà sórí flash kékeré, mo sì pè wọ́n.

Wọ́n gba flash lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Èyí dà? Àwo dà?"

"Inú ẹ̀ ló wà, Mọ́mì. Tí ẹ bá kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó rí gbogbo ẹ̀."

"Fọ́tò Bàbá ò sí lára ẹ̀."

Mo sun DVD kan sí i fún wọn. Mo tẹ fọ́tò Bàbá tuntun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Máákà ni mo fi kọ orúkọ sára àwo.